Òòlù Tí Bàbá Mi Kò Gbé Kọ́ Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé garawa omi rù fúnra mi, kò sí ẹni tí yóò gbé e rù mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé mọ̀ pé bí a bá pọn omi tán létí odò, ẹni tó bá wà nítòsí ni a ó pè pé kó wá gbé e rù wa, bí a bá sì délé, ẹlòmíràn á bá wa sọ̀ ọ́. Ní tèmi, kùkùté igi kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Màá gbé garawa òfìfo lé e lórí, màá fi igbá bu omi sí i títí yóò fi dé ìdajì, màá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n fi orí wá abẹ́ rẹ̀. Bí mo bá délé, màá tún lọ dúró ti ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé ìdáná, kí n rọra sún un sórí rẹ̀. Ìgbà tí mo bá fi parí gbogbo èyí, omi tó wà lára aṣọ mi máa ń fẹ́ pọ̀ ju èyí tó wà nínú garawa lọ.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni bàbá mi. Àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ kan ló ń bá ṣiṣẹ́, àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ igbó àti àwọn ẹranko tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ará ìlú kò ní sùúrù fún orúkọ gígùn tí àjọ náà ń jẹ́. Fọ́rẹ́sì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe bàbá mi ní Bàbá Fọ́rẹ́sì. Ilé oníyàrá méjì tí wọ́n fún un wà létí igbó ìjọba, lẹ́yìn Ìlá Ọ̀ràngún, níbi tí ẹni tó bá gun ọ̀kadà wá yóò ti sọ fún ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, pé a ò tíì débẹ̀.

Ọmọ Ìgbájọ ni bàbá mi, kò ní ẹbí kankan ní Ìlá. Tíṣà ni ìyá mi. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, ó sì gbé àbúrò mi ọkùnrin tó ṣì ń mu ọmú dání. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ ti bàbá mi, nítorí pé ẹ̀bà nìkan ni ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n tẹ̀, ìyẹn náà sì máa ń ní kókó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìyá mi á dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á sì padà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Láti àárọ̀ Ẹtì ni mo ti máa ń gbọ́ ìró ọ̀kadà tí kò sí. Bí ó bá dé lóòótọ́, kí ó tó bọ́ gèlè rẹ̀ ni yóò ti máa bó iṣu. Odó á dún ní ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó sì dá mi lójú pé àwọn ẹranko inú igbó náà mọ̀ pé ìyàwó Bàbá Fọ́rẹ́sì ti dé. A ó jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti olú tí mo bá rí he. Ó máa ń gún iyán sílẹ̀ fún wa kó tó lọ. Lọ́jọ́ Ajé, màá gé iyán àná sínú ọbẹ̀ gbígbóná, yóò ṣì dà bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Tí ó bá fi máa di Ọjọ́rú, ọbẹ̀ rẹ̀ á ti tán, ilé á wá padà sí òórùn èéfín àti bàtà bàbá mi.

Bàbá mi kì í lu ọmọ. Ìyà tó ń fi jẹ mí yàtọ̀. Bí mo bá fọ́ gíláàsì àtùpà tàbí tí mo jẹ́ kí ìrẹsì jóná, á ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí igbó, kí n gbé ọwọ́ sókè títí ẹyẹ mẹ́wàá á fi ké, kí n sì dárúkọ èyí tí mo bá mọ̀ nínú wọn. Ẹyẹ kì í kánjú nítorí ọmọ ẹni kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú bọ̀, gbogbo ẹyẹ panu mọ́. Méje péré ni mo ti kà, apá mi ti ń gbọ̀n, omijé ti ń bọ́ lójú mi. Lójijì ni mo gbọ́ ẹyẹ mẹ́ta tí wọ́n ké tẹ̀lé ara wọn láti ẹ̀yìn ilé, ohùn wọn sì jọra lọ́nà tó ya mí lẹ́nu. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi jókòó sórí àga, ó ń nu ẹnu rẹ̀, kò wojú mi.

Òun nìkan ni ẹni tí mo ní láàrin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ sì ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi kì í bá mi ṣeré. Àwọn òbí wọn ń bẹ̀rù pé ohunkóhun tí mo bá rí, bàbá mi á gbọ́ ọ. Bí mo bá yà sí agbo ilé kan láti bẹ omi mu, wàá rí i tí ìyá àgbà á fi àwo ńlá bo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan tilẹ̀ búra fún mi láìjẹ́ pé mo bi í pé ẹran ewúrẹ́ ló wà lórí iná òun. Mo yọjú wò ó. Ewúrẹ́ náà ní eyín gígùn méjì níwájú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀yà. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi, àmọ́ ta ló máa gbà mí gbọ́? Bí àwọn ọmọbìnrin bá ń ṣe tẹ́n-tẹ́n lábẹ́ igi máńgòrò, èmi á dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń dúró de èèyàn. Bí mo bá délé, màá dojú kọ òpó ilé wa, màá fò, màá pàtẹ́wọ́, màá yọ ẹsẹ̀ síwájú. Mo máa ń jẹ òpó náà ní gbogbo ìgbà, ìyẹn náà sì sú mi.

Sátidé ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, èmi àti bàbá mi á wọ inú igbó. Etí odò náà lápá òkè ni a máa ń lọ, níbi tí igi arère ńlá kan wà. Bàbá mi ti fi ọ̀dà funfun kùn ún yíká, àmì pé igi náà kò ṣeé gé fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tàbí láìní ìwé àṣẹ. Orí rẹ̀ ni agbo edun kan ń sùn sí, àwọn edun tí ọ̀fun wọn funfun. Bàbá mi ní irú wọn ti tán nínú ọ̀pọ̀ igbó tí òun ti ṣiṣẹ́, pé àlàáfíà àwọn edun náà ni àwọn ọ̀gá òun ní Òṣogbo máa ń kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó béèrè ti òun. Mọ́kànlá ni wọ́n. A ó jókòó sílẹ̀ nínú ìrì, a ó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jí. Wọ́n á na ara, wọ́n á máa yẹ ara wọn ní irun wò, èyí tó kéré á fi orí lé ìyá rẹ̀ láyà. Mo jowú wọn. Kò sí èyí tó dá jókòó nínú wọn.

Bí a bá ti dé, iṣẹ́ ilé á bẹ̀rẹ̀. Màá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ kákí bàbá mi, màá kun bàtà rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ni òòlù. Òòlù ìjọba ni, ó wúwo ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Lójú orí rẹ̀ kan ni wọ́n fín lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan sí, bàbá mi nìkan ló sì ni nọ́ńbà yẹn. Bí onígẹdú bá gba ìwé àṣẹ, tó gé igi tí wọ́n ní kó gé, bàbá mi á lọ síbẹ̀, á lu òòlù náà mọ́ ojú kùkùté lẹ́ẹ̀kan, á tún lù ú mọ́ ìdí gẹdú náà. Àmì náà á wọnú igi. Ọkọ̀ tó bá gbé gẹdú tí kò ní àmì kò lè kọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì. Sátidé Sátidé, lójú bàbá mi, màá fi àkísà tó ní epo pupa díẹ̀ nu irin náà kó má baà dógùn-ún, òun á sì gbé e kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí Sátidé tí kì í sọ ọ́: "Ọwọ́ mi ni òòlù yẹn o. Ibi tí ó bá tẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ọdún yẹn ni Ṣadé dé sí kíláàsì wa. Onígẹdú ni bàbá rẹ̀, ibi tí igi bá wà ni wọ́n ń ṣí lọ, nítorí náà òun náà kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìlá. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì mí láìbi mí léèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó tẹ̀ lé mi lọ sétí odò. Mo ti gbé garawa lé kùkùté bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ti bẹ̀rẹ̀, ni mo bá rí i pé garawa ti kúrò lórí kùkùté, ó ti wà lórí mi. Ṣadé ló gbé e rù mí. Mo rántí bí ó ṣe fi ọwọ́ tútù nu omi tó dà sí mi lójú kúrò. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ garawa, omi ń dà, n kò bìkítà.

Láti ọjọ́ náà, a kì í ya ara wa. A jọ ń ṣe tẹ́n-tẹ́n, ó sì ń jẹ mí, èyí tí òpó kò ṣe rí. A jọ ń wá àgbáyun nínú igbó, a ó lá a tán, a ó wá máa jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan bí ẹni ń jẹ oyin. Nílé wọn, ìyá rẹ̀ kì í bo ìkòkò bí mo bá wọlé. Dòdò ló máa ń bù fún mi kí n tó jókòó. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin kan tó ga, tí èérún igi kì í tán lórí rẹ̀, ń pè mí ní ọmọ mi. Bàbá tèmi ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu mi. Ní alẹ́ kan ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fún etí òun nísinmi, àmọ́ inú rẹ̀ dùn, mo mọ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ pe bàbá mi sí Òṣogbo fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti gbọ́ fínrín pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan tí àjọ náà ní ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ọ̀tan, níbi tí ìyá mi wà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa jí nínú ilé kan náà. Bàbá mi fá irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ. Òòlù kì í bá ẹ̀ṣọ́ kúrò ní igbó tí wọ́n fi í sí, nítorí náà ó gbé e kọ́ ara ìṣó, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun á fi dé, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé kí n lè máa lọ fún àwọn adìẹ ní oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sílé Ṣadé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá Ṣadé títí ó fi sú mi, pé ó bá òun gba ọmọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá Ṣadé pè mí sẹ́yìn ilé níbi tó ti ń pọ́n ayùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, bàbá rẹ ti fọwọ́ sí igi kan fún mi kó tó lọ. Òòlù nìkan ló kù, òjò sì ti fẹ́ ba gẹdú jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ bá mi mú un wá, kí n lù ú, kí o dá a padà. Bàbá rẹ ò ní bínú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa á mọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo máa ń bá bàbá mi fa ìlà sínú ìwé ńlá tó ń kọ gbogbo igi tó bá fọwọ́ sí sí, orúkọ ọkùnrin yìí kò sì sí ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Àmọ́ Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Bí mo bá ní rárá, ṣé yóò ṣì jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì? Mo rí ara mi létí odò tí mo ń fi orí wá abẹ́ garawa. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ fún adìẹ ní oúnjẹ, sà." Nígbà tí mo padà dé, òòlù bàbá mi wà nínú abọ́ tí mo fi gbé èèrí àgbàdo lọ, mo fi èyí tó kù nínú èèrí náà bò ó.

Ọjọ́bọ̀ ló tó dá a padà fún mi. Èérún igi ti há sínú àwọn lẹ́tà náà. Mo ṣílẹ̀kùn ilé wa, mo fi ìdí ìgbálẹ̀ yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo sì ṣe ohun tí ọwọ́ mi ti mọ́ lára: mo fi epo pupa nù ún títí ó fi dán, mo gbé e kọ́. Ó dán ju bí ó ṣe ń rí ní Sátidé lọ. Mo wò ó, ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé bí nǹkan bá ti mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àárọ̀ Ẹtì ni bàbá mi dé. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Epo ń dán lára irin náà. Ẹ̀kán kan ti kán sílẹ̀ lábẹ́ ìṣó, àwọn èèrà ti yí i ká. Ó gbé òòlù náà sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Èmi ń wo àwọn adìẹ. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó fi òòlù náà sínú báàgì rẹ̀, ó fa okùn báàgì náà pọ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi dé, ó gún iyán. Ó ti rí yàrá méjì tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ ní Ọ̀tan, ó ń ṣàpèjúwe fèrèsé rẹ̀ fún wa, bí oòrùn àárọ̀ á ṣe máa wọlé. Bàbá mi ń gbọ́. Òkèlè mẹ́ta ló jẹ. Èmi kò jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, a lọ sínú igbó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kí a tó dé etí odò ni mo ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú pọ̀ jù. Ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀ gbayawu níbi tí a kì í ti í rí i. Arère ńlá náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kùkùté rẹ̀ fẹ̀ tó ibùsùn, ó ṣì tutù, omi ara rẹ̀ ń sun jáde. Wọ́n ti fi erùpẹ̀ bo ibi tí ọ̀dà funfun wà, ó sì yọ síbẹ̀síbẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀. Ní àárín ojú kùkùté náà, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan wọnú igi dáadáa. Ó fi ìka rẹ̀ tọ gbogbo rẹ̀, láti òpin kan dé èkejì. "Ọwọ́ mi nìyí," ni ó wí.

A jókòó sínú ìrì bí a ṣe máa ń ṣe, bóyá nítorí pé a kò mọ ohun mìíràn tí a lè ṣe. A gbọ́ àwọn edun náà lókèèrè, wọ́n ń ké, wọ́n ń sún jìnnà bí wọ́n ṣe ń ké. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún gbọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ wọn mọ́.

Àwọn ọ̀gá wá láti Òṣogbo pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Wọ́n wo kùkùté náà, wọ́n wo òòlù, wọ́n jókòó sí iwájú ilé wa pẹ̀lú bébà. Mo wà nínú yàrá, mo fi etí lé fèrèsé. Mo ti múra tán pé bí bàbá mi bá dárúkọ mi, màá jáde. Wọ́n bi í pé ta ló mú òòlù náà. Ó ní òun ni òun ti ṣe àìbìkítà, òun fi í síbi tí kò yẹ kí òun fi í sí. Wọ́n bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, èsì kan náà ló fún wọn. N kò jáde. Wọn kò lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kàn fa igi lé ọ̀rọ̀ Ọ̀tan ni. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ìyá mi sì tún ń bọ̀ ní Ẹtì, ó ń lọ ní Àìkú, títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, títí àbúrò mi fi mọ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa ń lọ kí.

Ní ti Ṣadé, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ gẹdú. Mo dé kíláàsì ní Ajé kan, bẹ́ǹṣì mi tún gùn padà. Kò sọ fún mi pé àwọn ń lọ. Èmi náà kò sọ ọ́ fún bàbá mi, a kì í dárúkọ wọn nílé wa mọ́. N kò mọ ìlú tí wọ́n lọ, n kò sì tíì fojú kàn án títí di òní. Mo padà sórí kùkùté mi létí odò. Mo ti ga díẹ̀ sí i nígbà yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ nira mọ́.

Bàbá mi kò gbé òòlù yẹn kọ́ ara ìṣó mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú báàgì. Bí ó bá sùn, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ń fi epo nù ún fúnra rẹ̀ ní Sátidé, èmi ń lọ kákí lápá kejì, a kì í wojú ara wa. Kò bá mi wí, kò jẹ mí níyà, kò ní kí n kúnlẹ̀ ka ẹyẹ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ẹgba nà nígbà èwe yín, ẹ má kábàámọ̀ rẹ̀ jù. Ẹgba máa ń tán.

Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí. Mo ti lé ní ogójì ọdún, èmi náà ní ọmọ. Ọmọ mi obìnrin ní ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ́ ọ̀rẹ́ nínú fóònù, kò sì tíì rí edun rí àyàfi nínú fóònù kan náà. Nígbà tí mo bá gba Ìlá kọjá, mo máa ń rí pátákó tuntun tí àjọ náà rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, edun ọlọ́fun funfun kan wà lára rẹ̀, wọ́n kùn ún dáadáa. Ẹ̀yìn pátákó náà, oko ẹ̀gẹ́ ni. Igbó kù níwájú, wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ òde òní ń lo kámẹ́rà, wọ́n ń gun alùpùpù, wọn kò sì dá gbé inú igbó mọ́. Inú mi dùn fún àwọn ọmọ wọn.

Bàbá mi ti padà sí Ìgbájọ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá mi bá a gbé ibẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kó tó kú, ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n jọ wà lójú kan pẹ́. Àjíǹde tó kọjá, mo lọ kí i. A jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, a kọjú sí àwọn òkè. Ó ní kí n gbọ́, pé ẹyẹ kan ń ké tí òun kò gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kàn jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo mú òòlù yẹn fún bàbá Ṣadé."

Kò yí ojú. "Mo mọ̀. Epo tí o fi sí i ti pọ̀ jù." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́?"

Mo ní rárá. Mo ní wọ́n kó lọ ní ọdún yẹn gan-an, n kò rí i mọ́.

Ó wá wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ ti ní àwọ̀ eérú. "Wọ́n kó lọ? N kò mọ̀ o. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé o rí ọ̀rẹ́ kan mú nínú rẹ̀."

Mo sunkún díẹ̀, ó jẹ́ kí n sun ún.

Nílé mi ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ni mo ń yí tí omi fi ń jáde, n kò gbé garawa rù mọ́. Àmọ́ iná kò sí ní Ìgbájọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ̀rọ kò lè fa omi, mo sì lọ sídìí kànga ní ẹ̀yìnkùlé. Mo pọn ún dé ìdajì garawa, mo ń wo ìhín wo ọ̀hún fún ibi tí mo lè gbé e lé. Bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó ń rọra bọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi dà sí àwa méjèèjì lára, ó sì gbé e rù mí.